Bí A Ṣe Ń Ka Ọjọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Kristẹni Tí Ẹ̀rù Ń Bà Pé Ohun Gbogbo Ń Kọjá Lọ

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi ni mo tó ṣí báàgì ọwọ́ rẹ̀. Mo bá súìtì méjì níbẹ̀, káàdì ìdámẹ́wàá, awò ojú tí apá rẹ̀ kan ti kán tó sì fi òwú dúdú so, àti bébà pélébé kan tó kọ gbèsè sí. "Ìyá Rísí, ata, 500." "Alápatà, 2,000." "Owó Ẹgbẹ́ Ìyá, oṣù méjì." Ó ti fa ìlà lé ti alápatà. Àwọn yòókù ń dúró de ọjọ́ ọjà tí kò lọ mọ́.

Ẹni ọdún 79 ni, àìsàn sì ti ń bá a fínra tipẹ́, torí náà ikú rẹ̀ kò bá wa lójijì. Bébà yẹn ló bá mi lójijì. Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ fún mi látìgbà tó ti kú, pé ayé lọjà, pé ọ̀run nilé, pé Màmá ti lọ sinmi, kò sí èyí tó mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà Ìyá Rísí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́sàn-án báyìí. Láti ìgbà náà ni mo ti wà lára àwọn tí ìjọ wa, ìjọ Áńgílíkà, máa ń rán lọ kí ọlọ́fọ̀. Mo wá rí i pé ohun tó ṣe mí lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ọlọ́fọ̀ nìkan. Ó ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó ń ṣe ẹni tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ wọ bàálù lọ sí Kánádà tí ilé wá pa lọ́lọ́. Ó ń ṣe ẹni tó wo dígí láàárọ̀ ọjọ́ kan tó rí i pé ojú bàbá òun ló ń wo òun. Gbogbo wọn ni mo kọ èyí fún. Bíbélì, ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, bírò, àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún oṣù kan ni ẹ nílò. Àwọn ìgbésẹ̀ kan rọrùn níbẹ̀, àwọn kan sì le. Mi ò ní tàn yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ ka Sáàmù 90 sókè fún ọjọ́ méje

Sókè ni mo wí o. Ẹ jẹ́ kí etí yín gbọ́ ọ. Ẹsẹ 17 péré ni, kò sì lè gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ẹni tí ilé rẹ̀ kún fún èrò lè lọ kà á nínú mọ́tò tàbí nínú balùwẹ̀.

Bíbélì pè é ní àdúrà Mósè, ó sì yẹ ká ro ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí a tó gba ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìwé Númérì, wọ́n ka àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì tó tó ogun jà lẹ́ẹ̀mejì lójú ayé Mósè. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n jẹ́ 603,550. Nígbà tí ìrìn aginjù ń lọ sópin, wọ́n tún wọn kà, wọ́n jẹ́ 601,730. Ẹni tó bá wo iye méjèèjì lásán á rò pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó yí padà. Ṣùgbọ́n orí 26 là á mọ́lẹ̀ pé nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kà, Kélẹ́bù àti Jóṣúà nìkan ló kù. Gbogbo àwọn yòókù ti di ará iyanrìn. Ọkùnrin tí èyí ṣojú rẹ̀ ló ń gbàdúrà pé "kọ́ wa láti máa ka iye ọjọ́ wa." Ó mọ ohun tí kíkà ń jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò sì dé Kénáánì. Orí òkè ló ti ń wò ó lókèèrè, ó sì kú lẹ́ni ọgọ́fà ọdún.

Ẹ wá wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. "Olúwa, ìwọ ni ó ti ń ṣe ibùjókòó wa láti ìrandíran." Ẹni tó ń gbé inú àgọ́, tó ń ká a lónìí tó ń pa á síbòmíràn lọ́la fún ogójì ọdún, ló ń sọ pé òun ní ibùjókòó. Ó ti fi ìdí ìyẹn múlẹ̀ kó tó sọ pé koríko ni wá, tó rú láàárọ̀ tí wọ́n gé lulẹ̀ lálẹ́. Bí ẹ bá fo ẹsẹ kìíní, ìyókù á kàn máa dẹ́rù bà yín ni.

Tó bá máa fi di ọjọ́ kẹrin, gbólóhùn kan á ti lẹ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Tèmi ni "àwa a sì fò lọ," ní ẹsẹ 10. Bí ẹyẹ tó bà sórí wáyà iná ni mo ṣe ń rí i: ẹ yíjú díẹ̀, ó ti lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ṣe ìṣirò náà

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ nílẹ̀ wa, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan ò ní dùn sí ìgbésẹ̀ yìí. Arábìnrin kan gbọ́wọ́ lé etí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbi ìpàdé. Ó ní òun ò fẹ́ pe ikú. Mo ní Mósè ti pè é ṣáájú wa, Ọlọ́run ò sì bínú.

Sáàmù náà ní adọ́rin ọdún, tàbí ọgọ́rin tí agbára bá wà. Adọ́rin ọdún jẹ́ nǹkan bí 25,550 ọjọ́. Ẹni ọdún 52 ti ná nǹkan bí 18,980 nínú rẹ̀. Ó ku 6,570 sí adọ́rin, tàbí 10,220 sí ọgọ́rin. Ẹ má sọ ọ́ di àdéhùn. Àwọn kan ń kọjá 90, a sì ń sin ẹni ọdún 30. Ìwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n aṣọ kí a tó fi síṣà sí i ni.

Ẹ kọ iye tiyín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀, torí iye ńlá kì í wọni lára. Kíkà tó ń kọ́ni lọ́gbọ́n ni ti kékeré. Ẹ mú ènìyàn mẹ́ta tí ẹ fẹ́ràn. Ká ní bàbá yín wà nílé nílùú, ẹni ọdún 76, tí ẹ sì máa ń lọ kí i nígbà Kérésì àti nígbà Ọdún Àjíǹde. Tí Ọlọ́run bá dá a sí di ẹni 80, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ẹ ó tún rí i. Ọdún mẹ́rin dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ kò kún ọwọ́. Ká ní ọmọ yín pé ọdún 15, tí á sì lọ yunifásítì ní 18. Ìsinmi mẹ́ta lọ́dún, ọdún mẹ́ta: ìsinmi mẹ́sàn-án ló kù tí bàtà rẹ̀ á fi máa wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ẹ ti ń bú u pé kó má bọ́ ọ sí.

Awakọ̀ kan ṣe ìṣirò yìí lójú mi nínú yàrá ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kọ 8, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó jáde. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù. "Màmá, ẹ ti jẹun? Kí lẹ jẹ? Ọbẹ̀ wo?" Mi ò tíì gbọ́ àdúrà tó dára tó ìyẹn lọ́dún yẹn.

Àbárèbábọ̀ ẹsẹ 12 ni pé "kí àwa kí ó lè fi ọkàn wa sípa ọgbọ́n." Bí kíkà náà bá kàn ń já yín láyà tí kò mú yín ṣe nǹkan kan, ẹ dá a dúró, kí ẹ padà sí ẹsẹ kìíní fún bí ọjọ́ mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ jẹ́ kí ẹkún rí ààyè

Ibí ni mo ti fẹ́ bá àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì jà díẹ̀.

Nínú Jòhánù orí 11, Jésù ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra pé òun ń lọ jí Lásárù. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Síbẹ̀, nígbà tó rí Màríà àti àwọn tó bá a wá tí wọ́n ń sunkún, òun náà sunkún. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni gbogbo ẹsẹ 35. Bí ẹni tó mọ̀ pé ní bí ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i òkú á jáde bá lè sunkún, kí ni ìdí tí a fi ń sọ fún opó tí ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní mọ́ṣúárì pé "ìwọ tó o ti di àtúnbí, ṣé bó o ṣe máa ṣe nìyí"?

Ẹsẹ tí wọ́n sábà máa ń fà yọ ni 1 Tẹsalóníkà 4:13. Ìlàjì rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Pọ́ọ̀lù ní kí a má banújẹ́ *bíi ti* àwọn tí kò ní ìrètí. Ó gbà pé ìbànújẹ́ á wà. Irú rẹ̀ ló ń sọ.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ kọ ẹkún yín sílẹ̀ bí àwọn onísáàmù ṣe kọ tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ pe Ọlọ́run ní orúkọ tí ẹ fi ń pè é nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tó ń dùn yín, ní èdè tí ẹ fi ń ṣàròyé fún ọ̀rẹ́ yín. Ẹ má wá gbólóhùn tó lẹ́wà. Ẹ béèrè ohun tí ẹ fẹ́. Tí ẹ bá lè sọ pé ẹ ṣì gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ sọ ọ́. Tí kò bá ṣeé sọ lọ́jọ́ náà, ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Sáàmù 88 ṣe bẹ́ẹ̀. Inú òkùnkùn ló parí sí, kò sí halelúyà kankan ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn ò sì yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì.

Fún ẹni tó ń lọ kí ọlọ́fọ̀: "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" tó. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àbẹ̀wò yìí, mo sọ fún ìyá kan tí ọmọ ọdún mẹ́rin kú mọ́ lọ́wọ́ pé Ọlọ́run ló mọ̀ jù. Ó gbójú sókè, ó ní, "Kí ló mọ̀, Màmá?" Kò fi ṣe àfojúdi. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò ní èsì, mi ò sì tíì ní in dòní. Láti ọjọ́ yẹn, kúlà oúnjẹ ni mo ń gbé lọ. Mo máa ń wọ kíṣìnì lọ fọ abọ́, tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ń bẹ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù nìyí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní 1 Àwọn Ọba 19, Èlíjà dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá kò wàásù fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kó dìde jẹun. Àkàrà tí a dín lórí ẹyín iná àti omi wà níbi orí rẹ̀. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà tún padà wá jí i pé kó jẹun. Bí oorun bá ti dá lójú yín fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun, tàbí tí ó ń ṣe yín bíi kí ẹ fọwọ́ ara yín gba ẹ̀mí ara yín, ẹ pa ìwé yìí dé. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí olónìí, ẹ má dá wà, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹni tó bá sọ pé àìnígbàgbọ́ ni, kò ka ìtàn Èlíjà dáadáa.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ tún ọ̀rọ̀ "asán" gbọ́

"Asán inú asán, gbogbo rẹ̀ asán ni." Ìwé Oníwàásù ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi í bú ayé. Létí tiwa, asán ni ohun tí kò wúlò: òfo, iṣẹ́ tí a ṣe tí kò lérè. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ lédè Hébérù ni *hebel*, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni èémí, ìkúùkù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni orúkọ Ébẹ́lì, ẹni àkọ́kọ́ tó kú nínú Bíbélì.

Ẹ rántí òwúrọ̀ ọyẹ́, nígbà tí ẹ bá lanu tí èémí yín yọ bí èéfín. Ó wà níbẹ̀, ẹ rí i, ó tiẹ̀ lẹ́wà. Ẹ gbìyànjú láti fọwọ́ mú un. Ohun tí Oníwàásù ń sọ nípa ọrọ̀, ọgbọ́n, òkìkí àti ìgbà èwe nìyẹn: wọ́n wà, wọn ò ṣeé dì mú. Ìdí nìyẹn tí ìwé kan náà fi lè sọ ní orí 9 pé kí a máa fi ayọ̀ jẹ oúnjẹ wa, kí aṣọ wa máa funfun nígbà gbogbo, kí ọkọ máa gbádùn ayé pẹ̀lú ìyàwó tó fẹ́ràn. Ká ní òfo ló ń pe ayé, kí ni á máa sọ èyí fún?

Iṣẹ́ tó wà nídìí ìgbésẹ̀ yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lójoojúmọ́, ẹ mú ohun kan ṣoṣo tó ń kọjá lọ, ẹ dúró tì í. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún Ọlọ́run, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì kọ ìlà kan nípa rẹ̀. Díẹ̀ nínú tèmi rèé: "Òjò lórí páànù ní ìdájí, kò tíì sí ẹni tó jí." "Ọmọ ọmọ mi ń pe ìrẹsì ní ìyẹsì." "Ọsàn àkọ́mú." Nígbà tó máa fi di ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà ti ń pe ìrẹsì dáadáa. Èmi nìkan ló rántí pé ó wí bẹ́ẹ̀ rí, torí pé mo kọ ọ́.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe èyí fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ ṣí 1 Kọ́ríńtì 15. Orí náà gùn, ọ̀rọ̀ àjíǹde ni láti òkè délẹ̀, ó sì parí síbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé "iṣẹ́ yín kì í ṣe asán nínú Olúwa." Asán kan náà ni Bíbélì Yorùbá lò, bíi pé Pọ́ọ̀lù ń dá Oníwàásù lóhùn.

Ibi tí mo ti yapa díẹ̀ sí àwọn tó ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé nìyí. Òótọ́ ni òwe náà, mo ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa á jù á máa wo ayé bí ibi tí a kàn ti wá nájà, tí a ó palẹ̀ ẹrù mọ́ tí a ó gbàgbé. Ní òpin ìwé Ìṣípayá, ìlú mímọ́ náà ló ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wá. Jésù tó jíǹde sì gbé àpá ìṣó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ̀. Ní Jòhánù 21, ó dáná ẹyín sí etí òkun, ó yan ẹja, ó ní kí wọ́n wá jẹun. Àwọ̀n tí wọ́n fà gòkè láàárọ̀ yẹn, ẹja ńlá 153 ló wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan jókòó kà wọ́n! Olúwa ti jí dìde kúrò nínú òkú, ó ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ẹnì kan sì ń ka ẹja ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn onítọ̀hún, ẹnì yòówù kó jẹ́. Ìgbàgbọ́ tó ní ààyè fún irú kíkà bẹ́ẹ̀ ní ààyè fún ìyẹsì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi iṣẹ́ yín lé e lọ́wọ́

Ẹsẹ tó kẹ́yìn Sáàmù 90 ni ẹ ó lò níbí: "Kí ìwọ kí ó sì fi ìdí iṣẹ́ ọwọ́ wa múlẹ̀ lára wa." Ẹni tó ń fò lọ ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí iṣẹ́ òun dúró.

Ẹni tí mo máa ń rántí níbí ni Àjàyí Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kékeré. Ọdún 25 kọjá kí òun àti ìyá rẹ̀ tó tún fojú kanra, ní Abẹ́òkúta ní 1846. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn kàn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ní 1848 wọ́n ṣèrìbọmi fún ìyá náà, orúkọ tó jẹ́ sì ni Hannah. Crowther di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ ọ báyìí, ìtàn àṣeyọrí ni. Àmọ́ ní òpin ayé rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó dé, wọ́n tú iṣẹ́ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé ró lẹ́bàá Odò Ọya palẹ̀ lójú rẹ̀, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ti fi síbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ẹ wà níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ lè sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n odindi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní 1884, iṣẹ́ tí òun ṣe òléwájú rẹ̀. "Ibùjókòó wa láti ìrandíran," tí mo ní kí ẹ kà sókè yẹn, láti inú iṣẹ́ náà ló ti sàn wá sí wa lẹ́nu. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un ní 1891 èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni á dúró. Àwa náà ò lè mọ̀.

Torí náà, ẹ kọ iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́: ọmọ títọ́, ìsọ̀ yín, kíláàsì tí ẹ ń kọ́. Ẹ gbàdúrà ẹsẹ yẹn lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹ tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe é dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Èyí kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ máa sùn bí ẹni tó ń fi nǹkan lé alágbàtọ́ lọ́wọ́

Kí ẹ tó pa iná, ẹ sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Baba, ní ọwọ́ rẹ ni mo fi ẹ̀mí mi lé." Inú Sáàmù 31 ló ti wá, òun ni Jésù sì sọ lórí àgbélébùú kó tó jọ̀wọ́ ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ gbé fóònù sí yàrá mìíràn. Lálaalẹ́ la ń jọ̀wọ́ ohun gbogbo sílẹ̀ láìmọ̀: ilé, gbèsè, ọmọ, ọ̀rọ̀ tí a ò tíì sọ. Ẹni tó bá ń ṣe é ní mímọ̀ọ́mọ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ á máa mọ bí a ṣe ń tú u sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ palẹ̀ ilé mọ́

Wòlíì Àìsáyà lọ bá Ọba Hesekáyà, ó ní kó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ torí pé á kú. Hesekáyà sunkún, ó gbàdúrà, Ọlọ́run sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Àdúrà ọdún 15 ni gbogbo wa ń gbà. Mi ò tíì gbọ́ ìpàdé àdúrà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ilé pípalẹ̀mọ́.

Ẹ kọ ìwé ìpíngún. Kò fa ikú. Ìjà lórí ilẹ̀ ló ń dènà. Ní Nàìjíríà, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ má fi ẹni tó máa jogún tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, torí ó lè pàdánù ohun tí ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ lè fi ẹ̀dà rẹ̀ pa mọ́ sí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogún ní Ilé-ẹjọ́ Gíga. Ohun kan tó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ: orúkọ ẹbí tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù báǹkì kò sọ onítọ̀hún di ajogún. Ẹni tí báǹkì á pè ni. Ẹ pe lọ́yà kan.

Ẹ kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀, tí ẹ jẹ àti tí wọ́n jẹ yín. Ẹ kọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n sin yín, ní iye owó. Mo ti rí ilé tí wọ́n ti yáwó ra aṣọ ẹbí tí wọ́n fi sin ẹni tí wọn ò rówó oògùn fún. Tí ẹ bá fúnra yín kọ ọ́ pé ìsìn, orin mẹ́rin, àti ìrẹsì fún àwọn tó wá ti tó, ẹ ti gbé ẹrù kúrò lórí àwọn ọmọ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá ẹni tí ẹ̀ ń bá yodì. Ọ̀kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí. Kò dìgbà tí ẹ bá wọ aṣọ àwọ̀kanlẹ̀.

Ní tèmi, mo san gbogbo gbèsè tó wà lórí bébà ìyá mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Akápò Ẹgbẹ́ Ìyá gba owó oṣù méjì náà, ó sì já rìsíìtì fún mi lórúkọ òkú. Ìyá Rísí ni kò gbà. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó kún fún ata bo ojú, ojú wá ń ta á, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní Màmá máa ń sọ fún òun pé ọmọ òun obìnrin kì í lè jẹ ata. Ó wá wọn tàtàṣé sínú ọ̀rá fún mi, ó yọ rodo kúrò níbẹ̀.

Bébà náà wà nínú Bíbélì mi, ní Sáàmù 90. Mi ò tíì fa ìlà lé ti Ìyá Rísí.